Ọdún Kan Tí Ewúrẹ́ Jẹ Nínú Fíìmù Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó dì mú, ẹ sún mọ́ mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní ọkọ́ ń dúró dè mí lóko, nítorí náà, ibi tí ìkọ̀wé mi bá ti tiro, ẹ lọ bá bàbá mi níbi tó sùn sí kí ẹ bi í. Sinimá ni mo tàn jẹun, fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, láti Ọ̀mù-Àrán dé Esie, láti Òrò dé Ṣàrẹ́. Mo ti fi ìmọ́lẹ̀ pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, mo ti fi pa wọ́n lẹ́kún. Mo sì ti fi ba orúkọ obìnrin kan jẹ́, obìnrin tí kò ṣe mí ní nǹkan kan ju pé ó ń bu ẹran sí àwo mi. Èyí tó kẹ́yìn yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rọra dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ àgbà kì í yá síbi tí ojú yóò ti tì í.

Àjàdí ni ọ̀gá mi ń jẹ́, ọmọ Esie ni. Awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀, òun ló ń wa ọkọ̀ májìgì ìjọba, èyí tó ń gbé àwòrán kiri àwọn ìletò láti kọ́ wa bí a ṣe ń gbẹ́ ṣáláńgá àti ìdí tí a fi gbọdọ̀ máa fọ ọwọ́. Nígbà tí owó epo dé, tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lánàá ń fun fèrè mọ́tò lónìí, ọ̀gá fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó ra ẹ̀rọ sinimá tirẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀, ó wá ń wá ẹni tí yóò máa gbé wọn. Bí ó ṣe gbà mí àti ohun tó ń san fún mi kò gba ìlà méjì: ó gbà mí, kò sì san nǹkan kan.

Ní ọdún àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan fíìmù. Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń rù. Ẹ̀rọ yẹn wúwo débi pé nígbà tí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀ ní Òrò, àwọn ará Ọ̀mù-Àrán máa ń rò pé ààrá ló sán. Ní ọdún kejì, ọ̀gá fi aṣọ dì mí lójú, ó gbé fíìmù àlòkù lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa ká a láti orí rílì kan sí èkejì, kí n sì máa fi ìka wá ibi tí etí rẹ̀ ti ya. Bí ìka mi bá fo ibì kan, okùn jẹnẹrétọ̀ á balẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi.

"Láyí, kí lo fọwọ́ kàn yẹn?"

"Fíìmù ni, Ọ̀gá."

"Irọ́ ni. Ènìyàn ni. Aṣọ tó bá ya, télọ̀ á rán an. Fíìmù tó bá ya, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ya yẹn."

Ọwọ́ tó kan epo kò gbọdọ̀ kan fíìmù. Ẹni tó ń tan sinimá kò gbọdọ̀ bá èrò rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í gbọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń wúkọ́. Èyí tó le jù nínú òfin rẹ̀ ni pé bí mo bá gé ohunkóhun nínú fíìmù, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n èékánná, mo gbọdọ̀ sọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Ní ọdún kẹrin, mo lè jókòó sẹ́yìn ògiri kí n fi etí lásán sọ fún yín pé àtùpà ẹ̀rọ fẹ́ jó.

Ibi kan ṣoṣo tí ọ̀gá kò lè nà mí dé ni ẹnu mi. Bí a bá parí sinimá, àwọn èrò á rọ̀gbà yí mi ká, àwọn ọmọge á wà níwájú, kí ni kí n ṣe? Mo sọ fún wọn pé ní abúlé kan lẹ́yìn Ṣàrẹ́, ọdẹ kan yìnbọn fún ẹkùn inú sinimá mi, ọta lu aṣọ funfun náà, àti pé láti ọjọ́ yẹn, ẹranko kì í gba ibi ihò yẹn kọjá mọ́ nínú fíìmù èyíkéyìí. Wọ́n á yí i gbà. Mo sọ fún wọn pé òyìnbó kan bẹ́ jáde láti inú àwòrán ní Òrò, ó bu omi mu nínú ìkòkò wa, ó dúpẹ́, ó sì padà sínú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ra ẹ̀pà fún mi. Kò pẹ́ tí Láyí Onísinimá fi di Láyí Onírọ́ káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. N kò bínú sí i nígbà náà. Orúkọ tó ń fi ẹ̀pà fún ni, ta ló ń bínú sí i?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ọ̀gá mi wàyí, nítorí láìsí i, kò sí ìtàn.

Màmá Esie ni a ń pè é. Nígbà tí Màmá wà ní ọ̀dọ́bìnrin, ọkọ rẹ̀ gba Ṣàrẹ́ lọ láti lọ ṣiṣẹ́ oko fún Tápà olówó kan. Oṣù kan ló ní òun ó lò. Sòbìyà mú un níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ sòbìyà. Aràn ni, inú omi la ti ń mu ún, ẹsẹ̀ ló máa ń gbà jáde, ó sì lè dá géńdé dùbúlẹ̀ láti ìgbà ebè títí di ìgbà ebè. Ó dá ọkùnrin yìí dùbúlẹ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀. Nígbà tó tiro padà dé Esie, ó bá ọmọkùnrin kan tó ń dìde mú ògiri. Màmá ní oyún ti wà nínú òun kí ọkọ òun tó lọ, pé ojú ló ń ti òun láti sọ ọ́. Ọkọ gbà. Títí tó fi kú, ó ní, "Ọmọ mi ni." Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin odò bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù, ìṣirò wọn kò sì bára mu láé. Ọmọ tó ń mú ògiri yẹn ni ọ̀gá mi. Bí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jà ní ilé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n ń bi í ni pé, "Àjàdí, oṣù mélòó ni wọ́n fi lóyún ìwọ?"

Kì í sọ ọ́. Èmi gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ owó díẹ̀, tí àwọn òṣèré ìlú mìíràn náà ti ń ṣe fíìmù tiwọn, ó ta ọkọ̀ rẹ̀, ó ta ilẹ̀ tó rà sí Ọ̀mù-Àrán, ó ní òun ó ṣe fíìmù kan ṣoṣo láyé òun. Ìtàn ìyá òun ni. Ó ní gbogbo Esie ni yóò jókòó, wọn yóò wò ó, wọn yóò sì panu mọ́.

Èmi ni mo gbé iná fún gbogbo àwòrán tó wà nínú fíìmù yẹn. Ibi tí ọ̀gá fẹ́ràn jù ni ọdún Ṣàrẹ́. Ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí odó, ilẹ̀kùn ṣí, oko iṣu sì wà níta. Kò sí ohun mìíràn. Ọ̀gá ń padà lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ojú ọjọ́ bá yí: ewé iṣu tutù, ewé iṣu gbẹ, wọ́n wa iṣu, èéfín igbó sísun, eruku ọyẹ́, obìnrin oníṣòwò kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìyàwó rẹ ti bí o, ọkùnrin ni," òjò àkọ́rọ̀, ewé tuntun tún ń gun ọ̀pá, wọ́n sì tún wa iṣu lẹ́ẹ̀kejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí a fi ya á. Nínú fíìmù, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Ẹni tó bá wo ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn, kò nílò ìka láti fi ka oṣù.

Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti fọ fíìmù náà. Ó dé padà ní ọdún tí owó epo ń gbẹ, tí ìrẹsì àti mílíìkì ti di ohun tí a ń tò fún. Ọ̀gá wò ó lẹ́ẹ̀kan ní Èkó, ó gbé e wálé, ó dá ọjọ́: ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, nígbà tí àwọn ará Esie tó wà ní Èkó àti Kàdúná yóò ti wálé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá lọ sí Ìlọrin láti wá gílóòbù ẹ̀rọ. Òjò ńlá kan rọ̀ ní Ọ̀mù-Àrán. Páànù iyàrá tí a ń kó ẹrù sí jò, omi sì wọ inú agolo rílì kẹta. Nígbà tí mo ṣí i ní àárọ̀, fíìmù ti tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀gá kò kọ́ mi ní ohun tí a ń ṣe sí fíìmù tó mu omi.

Mo gbójú sókè, mo rí àpáta ẹ̀yìn ilé. Àwọn obìnrin ti sá iṣu èlùbọ́ sí i lọ rẹrẹ, oòrùn sì mú un bí iná. Mo ní, "Láyí, ohun tó ń gbẹ iṣu kò lè ṣàì gbẹ fíìmù." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ ibi tí èlùbọ́ ti ń gbẹ lórí àpáta kò lè ronú bí òyìnbó. Mo tẹ́ ẹní mẹ́rin, mo na fíìmù lé e lórí láàárín iṣu àwọn obìnrin, ó ń dán yẹ̀rì. Onílé wa kọjá, ó dúró.

"Láyí, ejò kí lo sá sí àárín iṣu mi yìí?"

"Fíìmù ni, Màmá."

"Ó máa di àmàlà àbí?"

Mo jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá. Mo jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí n wá tún ìtàn ọdẹ àti ẹkùn sọ fún àlejò tó bá wọn wá. Mo lọ. Mo fi ọdẹ kan kún un, mo sì fi ẹkùn kejì kún un. Nígbà tí mo gòkè padà, ewúrẹ́ mẹ́ta ló wà lórí àpáta. Iṣu ni wọ́n wá jẹ. Ìyẹ̀fun iṣu ló lẹ̀ mọ́ ara fíìmù tó tutù. Ọ̀kan nínú wọn ń fa fíìmù wọ ẹnu bí ẹni tó ń fa ilá, ojú rẹ̀ sì tutù, kò jọ ẹni tó ṣe nǹkan.

Èyí tí wọn kò jẹ, wọ́n fi pátákò tẹ̀ ẹ́. Mo gbé e sókè sí oòrùn láti wo ibi tó jẹ́. Ọdún Ṣàrẹ́ ni, láti orí dé ìdí.

Ó yẹ kí n dúró de ọ̀gá. Kí ló fẹ́ fi mí ṣe, kó pa mí? Ṣùgbọ́n mo gé ibi tó bàjẹ́, mo fi gúlúù so orí méjèèjì tó kù, mo sì ju àjẹkù ewúrẹ́ sí ṣáláńgá. Mo sọ fún ara mi pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí ọkùnrin kàn dùbúlẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀, ta ni yóò mọ̀ pé kò sí? Mo tiẹ̀ rò pé fíìmù náà yóò yá sí i.

Sátidé Àjíǹde pé. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Esie kún àkúnfàya. A fi aṣọ dúdú àti ẹní bo fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán má bàa wọlé. Màmá jókòó níwájú pátápátá lórí àga onírọ̀gbọ̀kú tí wọ́n gbé fún un láti ilé pásítọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣàìsàn, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló dúró tì í níta, tó ń fi ọwọ́ dì í mú kó má kú. Kò wo fíìmù.

Rílì kìíní lọ, èkejì lọ. Ó dé ìkẹta. Ọkọ ń jáde lọ ní òwúrọ̀, iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun ọ̀pá, ìyàwó fi ọwọ́ kan ikùn, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sọ ọ́. Ọkọ bọ́ sọ́nà. Ibi tí mo so kọjá lẹ́nu ẹ̀rọ, ó dún tàá. Ọkọ wọlé. Ó ń tiro, ebè tuntun wà lẹ́yìn ilé, ọmọ kan dìde mú ògiri. Ó gbé ọmọ náà, ó ní, "Ọmọ mi."

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ké pé, "Ọmọ ta ni?" Ẹ̀rín bẹ́.

Bí fíìmù ṣe parí, kò sẹ́ni tó lọ sílé. Gbogbo wọn dúró sí iwájú gbọ̀ngàn nínú oòrùn, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀. Tíṣà Adéoyè, tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Òrò, tó fẹ́ ọmọ Esie, ló gba iwájú.

"Ẹ má pe ibẹ̀ yẹn ní ihò," ó ní. "Kò sí ihò níbẹ̀. Ọ̀gá Àjàdí gbọ́n jù yín lọ ni. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fo àkókò yẹn kí àwa fúnra wa lè rò ó. Ọkùnrin lọ, ó pẹ́, ó dé, ó bá ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì gbé e. Fíìmù ìdáríjì ni. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni!"

Ó rò pé òun ń yin ọ̀gá mi ni, ẹ gbọ́ ná.

Bàbá Jímọ̀, àgbẹ̀ tí oko iṣu rẹ̀ tóbi jù ní Esie, fi ọ̀pá rẹ̀ ti èrò sẹ́yìn. "Tíṣà, ẹ ti gbin iṣu rí?"

"Mo ń jẹ iṣu, Bàbá."

"Ẹnu yín mọ̀ ọ́n, ojú yín ni kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọkùnrin yẹn ń lọ, iṣu kò tíì gun ọ̀pá ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Nígbà tó dé, wọ́n ti wa á, wọ́n ti kọ ebè mìíràn. Bó bá jẹ́ ọdún kan náà, oṣù mẹ́fà nìyẹn. Ọmọ sì ń dìde mú ògiri! Tíṣà, kódà obìnrin tó yan àlè kì í lóyún, kó bí i, kó sì kọ́ ọ ní ìdúró láàárín oṣù mẹ́fà."

Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní ọdún kan náà ni, Bàbá? Ó lè jẹ́ ọdún kẹta."

"Ó sì lè jẹ́ ọdún tó tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ èyí tó tẹ̀lé e, oṣù méjìdínlógún ni, ọmọ sì jẹ́ ti bàbá rẹ̀ pérépéré. Ẹ ò rí obìnrin yẹn tó fọwọ́ kan ikùn?"

"Ebi lè máa pa á."

"Ebi ń pa yín! Mo ní ọdún kan ti sọnù níbẹ̀. Àjàdí jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, kò lè ṣi iṣu kà. Ihò wà nínú fíìmù yẹn, ihò tí ewúrẹ́ lè gbà kọjá."

Nígbà tó dárúkọ ewúrẹ́, mo rọra sún sẹ́yìn èrò.

Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀? Bí ihò bá wà nínú fíìmù, Màmá jàre. Bí kò bá sí ihò, Tíṣà jàre, Màmá sì di alágbèrè lójú gbogbo ìlú, ọmọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Màmá kúkú jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí itan.

Ọ̀gá ti ibi jẹnẹrétọ̀ dé, epo wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Wọ́n ro ẹjọ́ fún un. Ó ní, "Ọdún Ṣàrẹ́ kẹ̀? Ó wà níbẹ̀! Àwòrán iṣu, àwòrán ọyẹ́, ẹ ò rí wọn ni?" Ó wá yíjú sí mi. "Láyí, ṣé o fi rílì kẹta hàn tán?"

Gbogbo Esie wò mí. Bàbá Jímọ̀ ní, "Sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Òtítọ́ kan ṣoṣo péré ni a fẹ́ lẹ́nu rẹ."

Mo ní, "Bí ẹ ṣe gbé e fún mi ni mo ṣe fi hàn, Ọ̀gá. N kò fo nǹkan kan."

Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ti gbọ́! Ọ̀gá Àjàdí, ẹ má tọrọ àforíjì fún ọgbọ́n yín."

Màmá dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni. "Àjàdí, mú mi lọ sílé," ó ní. Èrò sì là fún wọn ní méjì, bí ìgbà tí a bá là fún òkú.

Ẹyin lohùn. Bó bá ti bọ́, ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá pè mí sí iyàrá. Ó ti na rílì kẹta sílẹ̀, ó ti rí ibi tí mo so. Gúlúù tuntun ń dán. Mo ń wá ibi tí okùn jẹnẹrétọ̀ wà pẹ̀lú ojú, mo tiẹ̀ ń fẹ́ kó mú un.

"Níbo ló wà?"

"Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́, Ọ̀gá." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òjò dé orí ṣáláńgá.

Ó wò mí títí. Ó gbà mí gbọ́. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, ó mọ ojú irọ́ mi, ó mọ̀ pé kì í ṣe òun nìyí. Ó ní, "Ó dára. Lọ sọ fún wọn."

Mo lọ. Àwọn ènìyàn ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúró sórí àtẹ̀gùn, mo kígbe pé kí wọ́n dúró, pé mo purọ́ lánàá, pé ọdún kan wà nínú fíìmù náà lóòótọ́, èmi ni mo sá a sórí àpáta láàárín èlùbọ́, ewúrẹ́ mẹ́ta sì jẹ ẹ́.

Ṣé ẹ ti rí ìjọ Ọlọ́run tó rẹ́rìn-ín títí tí fìlà fi ń bọ́? Wọ́n di ara wọn mú. "Láyí! Ewúrẹ́ jẹ ọdún kan!" "Ẹkùn ọjọ́sí ńkọ́, òun kò bá wọn jẹun?" "Àjàdí ló rán an, ó fẹ́ fi ewúrẹ́ bo ìyá rẹ̀ láṣọ!" Mo búra. Bí mo ṣe ń búra ni ẹ̀rín ń lé sí i. Mo fi ojú wá Bàbá Jímọ̀, ẹni tó jà fún wa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí.

"Láyí," ó ní, "mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí Tíṣà. Kí ló dé tí o fi wá fi ewúrẹ́ ba ẹjọ́ náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ fún wa pé tó bá bá a tán, aṣọ kan náà ni wọ́n lè wọ̀.

Láti ọjọ́ náà, Màmá kò jókòó sí ìjókòó àwọn ìyá ìjọ mọ́. Ẹ̀yìn ló ń jókòó, nítòsí ilẹ̀kùn. Ọ̀gá gbìyànjú láti tún fíìmù náà rà. Ojúlówó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó fọ̀ ọ́, wọ́n sì ní àwọn lè tún un tẹ̀, kó sáà fi owó ìlú tiwọn ránṣẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ tẹ̀rẹ́. Ó ta jẹnẹrétọ̀ kejì tó rà lẹ́yìn Àjíǹde náà, kò tó. Ó ta oko bàbá rẹ̀, nígbà tí yóò fi dé Èkó pẹ̀lú owó náà, kò tún tó mọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ń lé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ̀wé pé àwọn ti palẹ̀ àwọn fíìmù àtijọ́ mọ́ nínú ilé àwọn.

Kò lé mi kúrò. Èyí ni mo ń rò di òní. Bó bá lé mi, ǹ bá gbàgbé. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló kù láàárín wa: "gbé e", "tan án", "pa á". Fíìmù àwọn ẹlòmíràn ni a ń gbé kiri, òun fúnra rẹ̀ sì ń jókòó ti ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Nígbà tó yá, gílóòbù kò sí ní ọjà mọ́. A gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, a ra fídíò àti tẹlifíṣọ̀n, a kó bẹ́ǹṣì sínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀mù-Àrán. Kásẹ́ẹ̀tì ló wà nígbà náà: o kò lè rí ènìyàn inú rẹ̀ bí o bá gbé e sókè sí oòrùn. Ọwọ́ tó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìka wo fíìmù ní afọ́jú di ọwọ́ tó ń tẹ bọ́tìnì. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ dé, gbogbo ilé sì di ilé sinimá. Ọ̀gá kú ní ọdún tí a ti ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Ìyá rẹ̀ ló sin ín.

Ẹ bi mí, iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́? Ẹ kọ́ èyí tó bá wù yín. Ẹ kàn mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tí ọwọ́ yín kì í ti kan orúkọ ẹlòmíràn. Télọ̀, awakọ̀, akọ̀wé, gbogbo wọn ló ń di orúkọ ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni mú. Bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ sọ ohun tí ẹ gé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sọ ọ́. Kó nà yín. Nínà kì í pẹ́.

Ọdún kejì tí ọ̀gá kú, Màmá ránṣẹ́ pè mí. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tán nígbà náà. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Esie, ó ní kí n jókòó sítòsí òun.

"Láyí, wọ́n ní ìwọ nìkan ló kù tó rí ibi tí ewúrẹ́ jẹ."

Kò rẹ́rìn-ín. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀gá tó sọ ọ́ bí òtítọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Sọ ọ́ fún mi."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ẹní, ti ẹsẹ̀ tó wú, ti ewé tútù àti ewé gbígbẹ, ti èéfín, ti ọyẹ́, ti obìnrin oníṣòwò tó yọjú. N kò fi nǹkan kan kún un. Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Ìgbà tí mo lọ bá a ní Ṣàrẹ́ ńkọ́? Àjàdí fi sí i?"

"Ẹ lọ bá a ní Ṣàrẹ́, Màmá?"

"Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú mi. Mo fẹsẹ̀ rìn ín fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sọ fún àwọn ará ilé pé ọjà ni mò ń lọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi níkùn, ọmọ sì ta á nípàá. Kò sí ẹlòmíràn nínú iyàrá náà. Mo sọ ọ́ fún Àjàdí. Ṣé ó fi sí i?"

Kò sí i nínú fíìmù náà. Èmi ni mo gbé iná fún gbogbo rẹ̀, mo mọ ọ́n láti orí dé ìsàlẹ̀. Bóyá ọ̀gá gbàgbé ni, bóyá Màmá kò sọ fún un rí, bóyá kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí, n kò mọ̀. N kò sì bi í.

"Ó wà níbẹ̀, Màmá," mo ní. "Ẹ kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wá ọwọ́ mi kiri títí ó fi rí i, ó dì í mú.

"Ó dára," ó ní. "Ó kéré tán, ẹnì kan rí i."